Kọ̀ǹpútà àti Ikú Òde-Ìrèlè

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú ọ̀wọ́ọ̀wọ́ wọ Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Orí a máa fọ́ aláìsàn, ojú rẹ̀ a ṣe bàìbàì, kò sì ní í pẹ́ kú. Wọ́n ju ènìyàn 15 lọ. Àwọn kan ní inú ló ń bí òrìṣà Malòkun. Àwọn mìíràn bẹ̀rù Ebola. Àyẹ̀wò kò bá kòkòrò kankan. Ìgbà tí a wádìí ohun tí àwọn òkú mu ni ọ̀rọ̀ tó yé ni: ògógóró ni, methanol olóró sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà tí ń tẹ̀lé òfin ìrònú lè tú irú àdììtú báyìí? Láàárín 1970 sí 1980, àwọn Edward Shortliffe ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, ṣe MYCIN, tí í fi òfin “bí èyí bá rí báyìí, a jẹ́ pé” wádìí àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ṣùgbọ́n àrùn kòkòrò nìkan ni wọ́n kọ́ ọ. Bí a bá gbé aláìsàn Òde-Ìrèlè síwájú rẹ̀, kòkòrò ni ìbá máa wá kiri. Ìṣirò rẹ̀ kò wọ́, májèlé ni kò sí nínú òfin rẹ̀. Bí a bá sì fi òfin mìíràn kún un, pé ọtí kò gbọdọ̀ tún kan ẹnu ẹni tí ọtí fẹ́ pa, ó dùn létí. Bẹ́ẹ̀ ọtí tí kò ní methanol, ní ìwọ̀n tí dókítà bá fi lélẹ̀, wà lára oògùn tí a fi ń wo irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.