Ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Mùsíọ́ọ̀mù Auschwitz-Birkenau

Ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Mùsíọ́ọ̀mù Auschwitz-Birkenau ni iṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń ṣe lábẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ní mùsíọ́ọ̀mù ìrántí tó wà ní ìlú Oświęcim, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Pólándì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Pólándì ń pè ní praktyka, ó sì jẹ́ dandan nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ yunifásítì níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà mọ̀ sí IT. Àwọn tó ń kọ́ nípa ìtàn, ìpamọ́ ìwé àkọsílẹ̀, ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ni ó bá mu jù. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ náà jẹ́ ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì ní ibojì.

Ìtàn ibi náà

Ìjọba Násì ti Jámánì dá àgọ́ ìṣẹ́níṣẹ̀ẹ́ Auschwitz sílẹ̀ ní ọdún 1940, lẹ́yìn tí ó ti fi ogun gba Pólándì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n kó ọmọ Pólándì 728 wá síbẹ̀ láti ìlú Tarnów. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ àgọ́ kejì, Birkenau, níbi tí àwọn yàrá gáàsì olóró tó tóbi jù lọ wà. Ó kéré tán, mílíọ̀nù 1.3 ènìyàn ni wọ́n kó lọ sí Auschwitz kí àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì tó dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1945. Nǹkan bí mílíọ̀nù 1.1 nínú wọn ló kú. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan nínú àwọn òkú wọ̀nyí jẹ́ Júù. Àwọn ọmọ Pólándì, àwọn Rómà àti àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì tí ọwọ́ tẹ̀ wà lára àwọn yòókù.

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n kó wá, nǹkan bí 400,000 péré ni wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé àgọ́ náà, tí wọ́n sì fún ní nọ́ńbà. Àwọn bí 900,000, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó, ìyá ọlọ́mọ àti ọmọdé, ni wọ́n darí tààrà láti inú ọkọ̀ ojú irin sí yàrá gáàsì láìkọ orúkọ wọn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn SS rí i pé ogun ti yíwọ́, wọ́n sun púpọ̀ jù lọ nínú ìwé tó wà nílẹ̀. Nítorí èyí, iṣẹ́ tó jẹ mọ́ orúkọ àwọn òkú kò tíì parí ní mùsíọ́ọ̀mù náà títí di òní.

Àwọn olùtọ́jú àkọ́kọ́

Àwọn tó ti jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Auschwitz ló kọ́kọ́ dáàbò bo ibẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1947 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Pólándì ṣe òfin tó sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù. Tadeusz Wąsowicz, olùdarí àkọ́kọ́, jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n rí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kazimierz Smoleń, tó darí mùsíọ́ọ̀mù náà láti ọdún 1955 sí 1990. Smoleń kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2012, ọjọ́ tó pé ọdún 67 tí wọ́n dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n Auschwitz sílẹ̀. Piotr Cywiński, tó di olùdarí ní ọdún 2006, ni wọ́n bí ní ọdún 1972, ọdún 27 lẹ́yìn tí ogun parí.

Ní ìgbà ayé àwọn àgbà wọ̀nyí, ẹni tó bá rí ohun tí kò yé e lè bi ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ara ìwé, àwòrán, ilé àti ohun èlò tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn ẹ̀ka iṣẹ́

Ìpamọ́ àkọsílẹ̀. Ẹ̀ka yìí ló ń tọ́jú àwọn ìwé tó bọ́ lọ́wọ́ iná. Lára wọn ni nǹkan bí 39,000 àwòrán tí àwọn SS mú kí wọ́n ya àwọn ẹlẹ́wọ̀n nígbà tí wọ́n ń gbà wọ́n wọlé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1945, wọ́n pàṣẹ fún Wilhelm Brasse àti Bronisław Jureczek, ẹlẹ́wọ̀n méjì tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá fọ́tò, pé kí wọ́n sun àwọn àwòrán náà. Wọ́n dọ́gbọ́n sí i, iná náà kò sì jó wọn tán. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé ọwọ́, bí a ṣe ń fi orúkọ kan wé òmíràn tí wọ́n kọ lọ́nà tó yàtọ̀, àti bí a ṣe ń kó wọn sórí kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe lẹ́tà kan ṣoṣo lè mú kí ìdílé kan má rí orúkọ ẹni wọn.

Ìtọ́jú ohun èlò. Bàtà tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù náà tó 110,000. Àpótí ìrìn-àjò tó 3,800, orúkọ àwọn tó ni wọ́n sì wà lára bí 2,100 nínú wọn. Ìkòkò, awò ojú, àti apá àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2003 ni wọ́n ṣí àkànṣe yàrá iṣẹ́ fún ìtọ́jú wọn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Kraków, Warsaw àti Toruń ló ń kọ́ni ní irú ìtọ́jú yìí ní Pólándì. Ní ọdún 2023, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí bàtà àwọn ọmọdé, tí iye wọn tó 8,000.

Ẹ̀kọ́ àti ìwádìí. Láti ọdún 2005 ni mùsíọ́ọ̀mù náà ti ní ilé-iṣẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ nípa Auschwitz àti ìpakúpa àwọn Júù. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè bá wọn ṣètò ìpàdé àwọn olùkọ́, ìwé kíkà tàbí ìtumọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe afinimọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ máa mú àlejò káàkiri gbọ́dọ̀ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀, kí ó sì yege nínú ìdánwò.

Ìlànà iṣẹ́

Ìlànà àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ohun èlò ń bá pàdé ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti sọ ohun tó gbó di tuntun. Ó ń dá ìbàjẹ́ dúró ni. Wọ́n á nu eruku kúrò lára bàtà, wọ́n á sì tọ́jú awọ rẹ̀ kí ó má baà gbẹ fọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í tún ìsàlẹ̀ tó ti jẹ ṣe, wọn kì í sì í pa àmì ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ rẹ́. Wọ́n ń ya àwòrán ohun èlò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ ipò tó wà sílẹ̀, nítorí pé ó jẹ́ ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn.

Ìdí tí ìṣọ́ra yìí fi ṣe pàtàkì hàn nínú ohun tí wọ́n ti rí. Ní ọdún 2016, wọ́n rí òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn nínú kọ́ọ̀bù onírin kan, lábẹ́ ìsàlẹ̀ èké tí ẹni tó ni ín ṣe sí i láti fi wọ́n pamọ́. Ní ọdún 2020, wọ́n rí orúkọ Amos Steinberg nínú bàtà ọmọdé kan. Ọdún 1938 ni wọ́n bí ọmọ náà ní ìlú Prague, wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀ wá sí Auschwitz láti àgọ́ Theresienstadt ní ọdún 1944. Ká ní wọ́n ti fọ bàtà náà bí ẹni ń fọ bàtà lásán ni, ó ṣeé ṣe kí orúkọ náà ti pa rẹ́.

Ọ̀wọ̀ fún òkú náà jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ náà. Irun tí wọ́n gé lórí àwọn obìnrin wà ní ilé kẹrin, ìyẹn Block 4. Ara ènìyàn ni, nítorí náà, a kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ya fọ́tò nínú yàrá náà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í gbàgbé pé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ní olówó.

Àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè

Àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn náà ń wá. Aktion Sühnezeichen Friedensdienste, ẹgbẹ́ tí Lothar Kreyssig dá sílẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1958, ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilẹ̀ tí Násì ṣẹ́ níṣẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tó mú kí ilé ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ di ṣíṣí ní Oświęcim ní ọdún 1986. Ní Ọ́stríà, Andreas Maislinger jà fún ètò tí wọ́n ń pè ní Gedenkdienst. Láti ọdún 1992, ọ̀dọ́kùnrin Ọ́stríà lè lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìrántí irú èyí dípò iṣẹ́ ológun, Auschwitz sì ni ẹni àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ètò wọ̀nyí pẹ́ ju ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì lọ, wọn kì í sì í ṣe fún gbígba máàkì.

Ìjẹ́pàtàkì rẹ̀

Ilẹ̀ tí mùsíọ́ọ̀mù náà ń tọ́jú tó hẹ́kítà 191, ilé 155 àti àwókù 300 sì wà lórí rẹ̀. Igi ń jẹrà, bíríkì ń fọ́, awọ ń gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹlẹ́rìí ń dín kù. Níbi àyájọ́ ọdún 70 ní 2015, nǹkan bí 300 nínú àwọn tó la àgọ́ náà já ló péjọ. Ní ọdún 2020 wọ́n jẹ́ nǹkan bí 200. Ní ọdún 2025, tó jẹ́ àyájọ́ ọdún 80, wọn kò ju bí 50 lọ. Ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí ìtọ́jú ibẹ̀ fi ń bọ́ láti ọwọ́ àwọn tó rí i sí ọwọ́ àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tó bá kọ dáadáa àti bàtà tó bá tọ́jú yóò wà níbẹ̀ fún àwọn tí yóò wá bèèrè lẹ́yìn rẹ̀.