Géèjì Ń Pariwo, Ẹ́ńjìnì Ò Yó: Ìtàn Supercharger fún Àwa Ará Kàdúná

Ìtàn tòní, owó ńlá ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ̀yin ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa tí a dàgbà síbí, Peugeot 504 la mọ̀ lọ́kọ̀. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kakuri, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló sì kọ́ṣẹ́ lára ọkọ̀ yẹn. 504 onípẹtiróòlù, fúnra rẹ̀ ló ń mí: písítìn á sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, ó parí. Ìgbà tí tòkúnbọ̀ Mercedes tí wọ́n kọ "Kompressor" sí lára wá dé, nǹkan yí padà. Bí àwọn ará Jámánì ṣe ń pe supercharger nìyẹn. Ẹ́ńjìnì ló ń fi bẹ́líìtì yí i, òun náà á wá máa ti afẹ́fẹ́ wọ sìlíńdà tipátipá. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo tó lè jó á pọ̀, agbára á dé.

Èmi náà ra ọ̀kan. Nígbà tó yá, intercooler rẹ̀ ń jò. Mẹkáníìkì mi ní, "Ọ̀gá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ṣebí afẹ́fẹ́ lásán ló ń gbabẹ̀ kọjá." Ó fi páìpù so ó tààrà. Oṣù kẹta ni, oòrùn ń jó ni. Mo kó ẹrù, mo dorí kọ Zaria. Mò ń gbọ́ tó ń ta kó kó kó, mi ò kà á sí. Kí n tó débẹ̀, top gasket ti lọ, písítìn kan ti fọ́.

Ìgbà tí mo sanwó tán ni mo wá ń wádìí.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Philander àti Francis Roots, ní ìlú Connersville ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn ní 1860. Iná ìyọ́rin àti ibi ìwakùsà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ní 1921, Mercedes gbé ọkọ̀ tó ní supercharger jáde fún títà ní Berlin. Irú ti Roots yìí kì í fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ara rẹ̀. Ó kàn ń kó o láti apá kan sí ìkejì ni, ẹnu ọ̀nà ẹ́ńjìnì ni afẹ́fẹ́ ti ń kọlu ara wọn. Ìdí nìyí tó fi ń gbóná jù.

Ní àwọn ọdún 1930, Alf Lysholm ní ilẹ̀ Sweden ṣe oníṣúkúrù méjì tó wọnú ara wọn. Ìyẹn ń fún afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ, ooru rẹ̀ dín kù. Irú kẹta dà bíi fáànù tó ń fi eré burúkú yí. Òun náà kì í gbóná tó ti Roots, àmọ́ tí ẹ́ńjìnì ò bá tíì sáré, kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ ló wà nínú ẹ́ńjìnì Merlin tó gbé ọkọ̀ òfurufú Spitfire. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìpele méjì ní 1942, ooru pọ̀ débi pé wọ́n ní láti fi intercooler kún un.

Kí ni ooru ń bàjẹ́? Ẹ wọn mudu àgbàdo kan, ẹ wọn mudu gúgúrú kan. Mudu méjèèjì kún, ṣùgbọ́n èwo ló ní oúnjẹ nínú? Gúgúrú ni afẹ́fẹ́ gbígbóná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà bí oníṣòwò. Ká ní ìta gbóná tó 35°C, géèjì sì sọ pé supercharger fi ìdá 60 nínú 100 kún un. Ti Roots lè gbé afẹ́fẹ́ dé nǹkan bíi 115°C. Oníṣúkúrù àti onífáànù á wà láàárín 90°C sí 100°C. Tó bá jẹ́ ti Roots, afẹ́fẹ́ tó wọlé gan-an kò fi ju ìdá 27 lọ. Ẹ sanwó 60, ẹ gba ọjà 27! Ṣùgbọ́n bí intercooler bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé 55°C, á tó ìdá 50. Afẹ́fẹ́ tó gbóná jù tún máa ń mú kí epo gbiná fúnra rẹ̀ kí iná pílọ́ọ̀gì tó kàn án. Kó kó kó tí mo gbọ́ nìyẹn.

Kàdúná tún ga ní nǹkan bíi 600 mítà ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ wa fúyẹ́ ju ti Èkó lọ, ooru wa sì le. Ẹ ò rí i pé lásìkò ọyẹ́, láàárọ̀ kùtù, ọkọ̀ máa ń fò bí ẹyẹ? Afẹ́fẹ́ tútù ni o.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní Kompressor, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ intercooler yín. Ẹ máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀, ẹ máa yẹ páìpù rẹ̀ wò. Mi ò bá mẹkáníìkì mi jà o, 504 ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sanwó ẹ́ńjìnì.