Erédò Ṣùngbọ́ àti Ojú Òfurufú

Ní ọdún 1927, Percy Maitland, awakọ̀ òfurufú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa àwọn ògiri òkúta tí ó rí láti òkè nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn Bẹdúínì ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Iṣẹ́ àwọn àgbà ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ní Houston tí mo ń gbé, níbi tí NASA ń kó àwòrán ayé tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú yà pa mọ́ sí, Erédò Ṣùngbọ́ ni mo máa ń rántí. Odi erùpẹ̀ àti yàrà yìí yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ abẹ́ igbó kì í hàn lójú sátẹ́láìtì bí òkúta orí iyanrìn. Ẹsẹ̀ ni Patrick Darling fi tọ̀ ọ́.

Ní 1999, àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. N kò fara mọ́ ọn. P. C. Lloyd ti kọ̀wé lé e lórí ní 1959, àwọn olùjọsìn sì ti ń lọ sí ojú oórì Bílíkísù Ṣùngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rì tipẹ́tipẹ́. Àwọn tí ilẹ̀ wọn ni odi náà là kọjá kò sọ ọ́ nù rí.