Bí Iléeṣẹ́ Èkó Ṣe Ń San Gbèsè Ọjà: Láti Orí Lẹ́jà Dé Orí Kọ̀ǹpútà

Láti Ìgànmù dé Mátọ̀rì, ó ṣòro láti rí iléeṣẹ́ ńlá tí kì í ra ọjà láwìn. Ilé ìtẹ̀wé gba bébà lónìí, ó di ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó sanwó. Iléeṣẹ́ oògùn ní Ìlúpéjú gba ìgò àti páálí, òun náà ní ọjọ́ tó dá. Ẹ̀ka kékeré kan nínú ọ́fíìsì ìṣirò owó ló ń gba ínfọ́ìsì àwọn ọjà wọ̀nyí, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló ń gbé e lọ síwájú àwọn tó máa bọwọ́ lù ú. Àwọn ọ̀gá tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ẹ̀ka yìí fún kọ̀ǹpútà ń pọ̀ sí i, ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ olùdarí sì máa ń bi wọ́n kò ju ọ̀kan lọ: kí la máa rí gbà nínú owó tí a fẹ́ ná yìí? Inú ìtàn bí owó ọjà ṣe ń di sísan l'Ékòó ni ìdáhùn wà. Owó ti yára. Ìwé ni kò tíì yára.

Yorùbá ti mọ àwìn kí báńkì tó dé. Samuel Johnson kọ nípa ológò sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921: ẹni tí wọ́n ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, tí yóò máa da ilé náà rú títí owó yóò fi jáde. Àwọn òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń lóṣòó ti ẹni tó jẹ wọ́n. Nínú ètò méjèèjì, orí ẹni tó ń gba owó ni gbogbo wàhálà wà. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ onígbèsè bó ṣe lè ṣètò sísan rẹ̀. Àṣà yìí kò tíì kú: ẹ dé yàrá àlejò iléeṣẹ́ èyíkéyìí ní Ìlúpéjú ní òpin oṣù, ẹ óò bá ọmọṣẹ́ àwọn tó kó ọjà wá níbẹ̀, tó jókòó láti àárọ̀ nítorí ínfọ́ìsì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà.

Ìṣirò owó alápá méjì, tí Luca Pacioli tẹ̀ sínú ìwé ní Venice ní 1494, bá àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó wọ Èkó. Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ ní 1894, sọ̀wédowó sì di ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ńlá fi ń sanwó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni iṣẹ́ ìṣirò owó yìí gbilẹ̀ ní apá Mainland. Wọ́n dá Yaba Technical Institute, tó di Yaba College of Technology, sílẹ̀ ní 1947. Ní oṣù Kẹfà 1949, ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní ilé ìpọntí Nigerian Breweries. Lọ́dún yẹn kan náà ni Akintola Williams di chartered accountant, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè náà. Ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1952, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáúńtáǹtì tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1965.

Ètò tí ìran yẹn kọ́ àwọn akọ̀wé kò ṣòroó ṣàlàyé. Ẹni tó ń ra ọjà kọ LPO, ìwé tí wọ́n fi ń bèèrè ọjà. Ọjà dé pẹ̀lú wéébíìlì, sítọ́kípà kà á, ó sì kọ ìwé pé òun gbà á. Ínfọ́ìsì tẹ̀ lé e. Akọ̀wé tẹ́ LPO, ìwé sítọ́kípà àti ínfọ́ìsì síwájú, ó wò bóyá iye tí wọ́n bèèrè, iye tó dé àti iye tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ bára mu. Bí wọ́n bá bára mu, ó kọ fọ́ọ̀ṣà, ó fi píìnì mọ́ gbogbo wọn, ó sì gbé fáìlì náà lọ bá akáúńtáǹtì, ó gba ọ̀dọ̀ ọ́dítọ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì tó ní ẹ̀tọ́ láti bọwọ́ lu sọ̀wédowó. Títí di òní, àwọn ìwé aláwẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń lò fún un ń jáde láti ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú àti Mushin.

Ètò yìí dára. Mo fẹ́ kí èyí yé wa, nítorí àwọn tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ìwà òpè ni. Ẹni tó ra ọjà kì í ṣe ẹni tó gbà á, ẹni tó gbà á kì í ṣe ẹni tó sanwó rẹ̀. Olè kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé fáìlì kan ṣoṣo ló wà, ibi kan ṣoṣo ló sì lè wà lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀gá bá rin ìrìn àjò, gbèsè dúró dè é lórí tábìlì.

Gbogbo àtúnṣe tó tẹ̀ lé e, ọ̀nà tí owó ń gbà rìn ló tún ṣe. Òfin 1977 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ sọ̀wédowó tí kò ní owó lẹ́yìn. Wọ́n dá NIBSS sílẹ̀ ní 1993 láti so àwọn báńkì pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2010, Báńkì Àpapọ̀ kò gbà kí sọ̀wédowó kọjá ₦10 mílíọ̀nù mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san án lórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà àkáǹtì tó ní òǹkà mẹ́wàá dé fún gbogbo báńkì, NIP ti NIBSS sì bẹ̀rẹ̀ ní 2011, èyí tó ń gbé owó láti báńkì kan dé òmíràn láàárín ìṣẹ́jú. Èkó ni Báńkì Àpapọ̀ ti kọ́kọ́ dán ètò ìdín-owó-ọwọ́-kù wò ní 2012. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àwòrán sọ̀wédowó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àwọn báńkì l'Ékòó dípò sọ̀wédowó fúnra rẹ̀.

Lọ́dún 2011 yìí náà ni Co-Creation Hub ṣílẹ̀kùn ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá, tí àdúgbò náà sì di ojúbọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Àwọn iléeṣẹ́ ìsanwó orí ẹ̀rọ tẹ̀ lé e: Paystack dé ní 2015, Flutterwave ní 2016. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, bí ìgbà ayé ológò. Ẹni tó ń san gbèsè ṣì wà níbi tó wà. Ètò ìṣirò owó bíi Peachtree, Sage, Tally tàbí QuickBooks ti wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bọwọ́ lu ìwé tán ni akọ̀wé ń tẹ ohun tó wà lórí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àkọsílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Kò dá sí ìrìn àjò ìwé.

Ìgbà ọ̀wọ́n owó bébà náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 fi àléébù yìí hàn. Báńkì kò lè gbé iye owó tí gbogbo ènìyàn ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Owó kúrò ní àkáǹtì kan, kò dé èkejì fún ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó kó ọjà wá ń pariwo, akọ̀wé sì tún un san. Níbi tí kò sí ohun tó so owó tó jáde mọ́ ínfọ́ìsì tó jáde fún, ìsanlẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀ lè wọlé sínú ìwé láìsí ẹni tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìdí tí iléeṣẹ́ fi máa ná owó rẹ̀. Àlàyé tí wọ́n ń gbé wá láti London àti Amẹ́ríkà ni pé ẹ̀rọ yóò dín òṣìṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ kan ní Mátọ̀rì ṣe àpẹẹrẹ, tó ń gba ínfọ́ìsì 500 lóṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦400,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìṣẹ́jú 45 lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó kàn. Wákàtí 375 ni, iṣẹ́ ẹni méjì ó lé díẹ̀. Owó oṣù akọ̀wé méjì l'Ékòó kò lè gbé ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi dọ́là díwọ̀n, pàápàá lẹ́yìn oṣù Kẹfà 2023, tí dọ́là gbéra láti nǹkan bíi ₦460 tó sì kọjá ₦1,400 kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó lọ jìnnà. Ẹni tó bá fi ìdín-òṣìṣẹ́-kù bẹ owó lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yóò pàdánù, ó sì tọ́ kó pàdánù.

Ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá tètè sanwó náà kò dà bí wọ́n ṣe ń kà á. Ká ní ìdá mẹ́rin kan nínú ₦200 mílíọ̀nù oṣù náà ní ẹ̀dínwó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó bá san án ní ọjọ́ 10 dípò 30. Mílíọ̀nù kan náírà ni èrè. Ṣùgbọ́n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ wà ní 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kọkànlá 2024 títí di oṣù Kẹsàn-án 2025. Iléeṣẹ́ tó bá yá owó ní èlé 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún láti fi san ₦50 mílíọ̀nù yẹn ní ogún ọjọ́ ṣáájú yóò san èlé tó lé ní ₦820,000. Ohun tó kù kò tó ₦180,000.

Ibi tí owó gidi wà ni àṣìṣe àti owó orí. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí ọ̀kan péré nínú ínfọ́ìsì 200 bá di sísan lẹ́ẹ̀mejì, ₦12 mílíọ̀nù ló ń sá lọ lọ́dún. VAT tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti di 7.5 láti oṣù Kejì 2020, òfin owó orí tuntun tí ìjọba bọwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2026, sì fàyè gba iléeṣẹ́ láti yọ VAT tó san lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un àti lórí ẹ̀rọ tó rà, èyí tí òfin àtijọ́ kò gbà. Lórí iṣẹ́ tó jẹ́ ₦10 mílíọ̀nù lóṣù, ₦750,000 ni. Ẹni tí ínfọ́ìsì rẹ̀ sọnù kò ní ohun tó máa fi gbà á.

Ní ti ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe rírà. Ẹ tọpa ìwé fún oṣù mẹ́ta: ọjọ́ tí ínfọ́ìsì dé, ọjọ́ tó kúrò ní tábìlì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí owó jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ sítọ́kípà tí kò tètè kọ ìwé ọjà tó gbà ni ó ti ń dúró, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tó máa wo èyí sàn bí wọn kò bá fún sítọ́kípà ní ẹ̀rọ níbi tó ti ń gba ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ ń sanwó fún mọ́: àkáǹtì, nọ́ńbà owó orí, ẹni tó ní àṣẹ láti yí wọn padà. Àwọn oníjìbìtì ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé àkáǹtì ti yí padà. Ẹni kejì gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà fóònù àtijọ́ láti bèèrè. Ẹ ro iná àti íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ owó ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ètò àtijọ́ àti tuntun jọ rìn fún oṣù méjì, kí ẹ tó ti lẹ́jà pa.

Ọwọ́ ìjọba ló ń fi ipá mú ìwé yára báyìí. Itálì sọ ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ di dandan láàárín àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ ní 2019, Ghana bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2022. Ní Nàìjíríà, FIRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, dá 1 oṣù Kẹjọ 2025 fún àwọn iléeṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún tó ₦5 bílíọ̀nù, wọ́n sì sún un sí 1 oṣù Kọkànlá. Lábẹ́ ètò yìí, ínfọ́ìsì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ìjọba mọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń rajà ní Mushin àti Sùúrùlérè yóò máa bèèrè irú ínfọ́ìsì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé ìtẹ̀wé àti àwọn aṣe-páálí tó ń kó ọjà fún wọn, ìwé aláwẹ́ mẹ́ta nìkan kò sì ní tó wọn mọ́.