Ògiri Hannah Hall àti Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ó Kùn Ún

Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ìlú òwú láyé àtijọ́, ìlú epo rọ̀bì lóde òní, ní ilé ọnà ńlá kan ní ọdún 1950 tí adúláwọ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ àfi bí ó bá di Ọjọ́bọ̀. Ní ọdún yẹn gan-an ni ilé ọnà náà sì fi ẹ̀bùn dá àwòrán kan lọ́lá, àwòrán ìyá tí ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ àríyá pé, ẹni tí ó ya àwòrán náà kò lè jókòó láàárín àwọn tí ń yìn ín, nítorí pé òfin ìyàsọ́tọ̀ ti sọ ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ funfun di èèwọ̀ fún un. Ẹni náà ni John Biggers, ọmọ bíbí Gastonia ní North Carolina, tí ó ti dé Houston ní ọdún 1949 láti dá ẹ̀ka ọnà sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba Texas yà sọ́tọ̀ fún àwọn adúláwọ̀, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Texas Southern University. Ògiri ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ó yíjú sí.

Iṣẹ́ tí ó fi ògiri náà ṣe kò ṣàdédé hù. Ó ní bàbá, bàbá rẹ̀ náà sì ní bàbá. Ní Mẹ́síkò, lẹ́yìn ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1910 tí ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá tú ìlú ká, tí púrúǹtù sì pọ̀ ju ẹni tí ó mọ̀wé lọ, ni José Vasconcelos, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ògiri Escuela Nacional Preparatoria lé àwọn ayàwòrán lọ́wọ́ ní ọdún 1922, kí ojú lè rí kà ohun tí ìwé kò lè sọ. Diego Rivera wà níbẹ̀, José Clemente Orozco wà níbẹ̀, David Alfaro Siqueiros náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1924, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn ni wọ́n ya bo àwòrán Orozco àti ti Siqueiros, tí wọ́n sì bà wọ́n jẹ́. Àwọn òpìtàn a máa ka èyí sí ọ̀rọ̀ òṣèlú, òṣèlú sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun mìíràn ni mo tún rí níbẹ̀, pé ilé tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbé inú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni a ń kùn, ẹnikẹ́ni kò sì fi búrọ́ṣì lé wọn lọ́wọ́.

Òkìkí àwọn ará Mẹ́síkò ré ààlà kọjá, ó sì kan Charles White, ayàwòrán adúláwọ̀ láti Chicago, tí ó wá sí Hampton Institute ní Virginia ní ọdún 1943 láti ya àwọn akọni ìran rẹ̀ sí ara ògiri. Iṣẹ́ páípù omi ni Biggers bá lọ sí Hampton ní ọdún 1941, kí kíláàsì ọnà Viktor Lowenfeld, Júù ará Austria tí ó sá àsálà fún Hitler, tó gba ọkàn rẹ̀ pátápátá. Ó di ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn White: ó rí bí a ṣe ń po pupa ẹyin mọ́ àwọ̀ lílọ̀ àti omi, díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tí ọwọ́ lè tètè lò tán, nítorí àwọ̀ ẹléyin a máa gbẹ wéré, kì í sì í dúró de ẹni tí ń ṣiyèméjì. Biggers tilẹ̀ jókòó kí White máa wo ojú rẹ̀ yà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe parí.

Ohun tí ó rí yìí ni ó gbé dé Houston, ṣùgbọ́n ó yí i padà. Kàkà kí ọ̀gá máa yà kí ọmọ iṣẹ́ máa po àwọ̀, ó ṣòfin pé akẹ́kọ̀ọ́ ọnà kọ̀ọ̀kan tí ó bá dé ọdún àṣekágbá gbọ́dọ̀ ya àwòrán tirẹ̀ sí ara ògiri Hannah Hall kí ó tó gba oyè. Ilé àwọn alákòóso ni Hannah Hall, kì í ṣe kọ̀rọ̀ ibi tí a ń kó iṣẹ́ ọmọdé pamọ́ sí: olùkọ́ ń kọjá níbẹ̀, òbí ń kọjá níbẹ̀, ẹni tí ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wò ó ní àràárọ̀. Kò sí pé lágbájá mọ̀ ọ́n jù, ẹ fún un ní ògiri, tàmẹ̀dò kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní bébà. Èmi ka òfin yìí sí ọgbọ́n tí ó ga jù nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ṣe, àní ju àwọn àwòrán rẹ̀ tí ilé ọnà ńláńlá ń rà lọ, nítorí pé ọmọ tí a lé sẹ́yìn ní ẹnu ọ̀nà ilé ọnà ìlú rẹ̀ ni ó sọ di ẹni tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń dúró wo iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ẹgbẹ́ kan ń lọ, ẹgbẹ́ mìíràn ń bọ̀, títí àwòrán inú ilé náà fi lé ní 100: oko ẹrú àti òmìnira, ẹbí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ìjà fún ẹ̀tọ́, ilẹ̀ Áfíríkà. Ọwọ́ Kermit Oliver wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni ti Harvey Johnson, tí ó padà di olùkọ́ níbẹ̀.

Biggers kò sì há iṣẹ́ náà mọ́ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1953 ó parí àwòrán kan ní ilé YWCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin Kristẹni, tí a ń pè ní Blue Triangle, ní àdúgbò Third Ward, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 24, gíga rẹ̀ 8, níbi tí Harriet Tubman, obìnrin bí ọkùnrin, ti ń kó ẹrú jáde kúrò ní oko ìgbèkùn. Ní ọdún 1957, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó UNESCO, òun àti Hazel aya rẹ̀ dé Gánà, Tógò, Dàhòmì àti Nàìjíríà, nígbà tí ó ṣọ̀wọ́n kí ayàwòrán adúláwọ̀ Amẹ́ríkà wá wo ilé baba rẹ̀. Inú mi a máa dùn púpọ̀ bí mo bá rántí èyí. Ìwé tí ó fi ìrìn-àjò náà ṣe, Ananse, jáde ní ọdún 1962. Carroll Simms, oníṣẹ́ ère tí wọ́n jọ ń kọ́ni, náà wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà.

Ó fẹ̀yìntì ní ọdún 1983, ó sì fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2001. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a fi ọ̀dà funfun pa méjì rẹ́ nínú àwòrán Harvey Johnson ní Hannah Hall, nípa àṣẹ àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni àwọn baba wa ní yóò gbé ilé tí a kọ́ tà; àwọn tí a kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi igbe ta, ìbàjẹ́ náà sì dun àwọn ayàwòrán Houston wọ egungun, nítorí pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà sí ògiri kò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Ti Blue Triangle kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjì Harvey ti ọdún 2017 ba òrùlé ilé náà jẹ́, tí omi wọlé, tí ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ilé náà ti kúrò lọ́wọ́ YWCA, àwọn ará àdúgbò ni ó ń mójú tó o. Àwọn ni wọ́n sì dìde, tí wọ́n dá owó jọ láti tún òrùlé ṣe àti láti gba àwòrán náà là.