Ariwo Lọ́rì Gẹdú ní Atikori: Kí Ló Yẹ Ká Bi Ará Ìdí Títì?

Bí a bá fẹ́ mọ bí ariwo ọkọ̀ ṣe ń ni ará ìdí títì lára tó, ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo nìkan ò tó. Àfi ká bi í. Ọ̀nà tí Theodore Schultz, onímọ̀ nípa ariwo, tọ̀ ní 1978 nìyẹn, nígbà tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ láti fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, òṣùwọ̀n ariwo, wé iye àwọn tí ariwo ń bí nínú gan-an. Ìlànà ISO 15666 tí àjọ ISO tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé ṣe ní 2003 wá fìdí ìbéèrè náà múlẹ̀: láàárín oṣù 12 tó kọjá, nínú ilé yín, báwo ni ariwo yìí ṣe ń yọ yín lẹ́nu tó, láti 0 dé 10?

N ò bá ìbéèrè náà jà. Àmọ́ bí a bá gbé e wá sí Atikori ní Ìjẹ̀bú-Igbó bó ṣe wà, ìdáhùn rẹ̀ á tàn wá.

Ìlú gẹdú ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Ká ní lọ́rì gẹdú kan kọjá láago méjì òru, tó pariwo dé 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún ìṣẹ́jú àáyá 20, tí àdúgbò sì pa lọ́lọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá pín agbára ariwo náà ká wákàtí 8 òru, ìpíndọ́gba rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 48 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lọ́ọ̀ọ́kán títí ilẹ̀ fi mọ́ lè fún wa ní 48 kan náà. Ta ni ò mọ èyí tí yóò mú ọmọ ta jí?

Ti oúnjẹ òòjọ́ ló le jù. Bi fọgaináísà ẹ̀bá títì, tàbí ìyá tó ń ta ìrẹsì fáwọn awakọ̀, ó lè mú 2. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ariwo yẹn ni oníbàárà. Olùwádìí Eja Pedersen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú rẹ̀ ní Netherlands ní 2009: àwọn tí ẹ̀rọ alátẹ́gùn tó ń pèsè iná ń mówó wọlé fún ò fi bẹ́ẹ̀ ráhùn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ariwo rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn jù.

Ẹnì kan lè ní bí kò bá dùn ún, kí ló kàn wá? Ara kì í gbowó ẹ̀yìn. Ọkọ̀ òru a máa mú ọkàn ẹni tó ń sùn yára lù, bí kò tilẹ̀ jí. Nítorí oorun ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí ariwo títì lóru má kọjá 45 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì nínú ìlànà 2018 tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù.

Ó yẹ ká béèrè ohun tí títì ń mú wọlé fún onílé (lẹ́yìn ìbéèrè ariwo ni o, kí owó má baà darí ìdáhùn), ká sì fi wé ti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo tó háyà yàrá sẹ́bàá títì ní Àgọ́-Ìwòyè, tí ọkọ̀ ò mú kọ́bọ̀ wá fún. Òru sì gbọ́dọ̀ ní ìbéèrè tirẹ̀: ẹ̀ẹ̀mélòó ni ọkọ̀ jí yín lóru àná?