Ọ̀rọ̀ Tí Yóò Gbé Aláboyún Dé Ọsibítù

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé ètò ìtọ́jú aláboyún kalẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lọ́dún 2009, Àbíyè ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Òun là ń gbà ládùúrà fún aláboyún, òun náà la fi ń pe àgbo tí wọ́n ń mu kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó kò. Obìnrin tí kò kàwé rárá mọ ohun tí wọ́n ń ṣèlérí fún un: yóò bí, yóò sì yè. Ibi tó yẹ kí aṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìlera ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pàápàá tó bá jẹ́ mẹ̀kúnnù ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó lówó lè padà lọ bi dókítà léèrè. Ẹni tó ń ṣírò owó ọkọ̀ kó tó jáde nílé, ohun tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò fi pinnu.

Àwọn tó ṣáájú wa ti la ọ̀nà. Àjẹsára ti wà kí abẹ́rẹ́ òyìnbó tó dé: oògùn tí a jẹ sára kí ibi má bàa ràn wá ni. Wọ́n yá a fún abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ìfètò sọ́mọ bíbí náà dára, torí ètò ló sọ, kò sọ pé kí a má bímọ mọ́.

Eclampsia, ìyẹn gìrì tí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ń fà, ló ṣòro láti fún lórúkọ. Gìrì aláboyún ni mo fara mọ́, torí gbogbo ìyá ló mọ gìrì lára ọmọdé. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀: gìrì a máa fa àgbo gìrì lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni kó máa ṣáájú nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú àwọn àmì rẹ̀: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ọwọ́ àti ojú tó wú. Bí wọ́n bá tètè dé ọsibítù, abẹ́rẹ́ magnesium sulphate lè dènà gìrì náà. Àgbo kò lè ṣe é.

Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ńkọ́? Ìwọ̀n tí àwọn dókítà ti ń lò tipẹ́ láti mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù ni 500 mílílítà láàárín wákàtí 24. Ta ló fẹ́ wọn ìyẹn lórí ẹní? Omi inú ọ̀rá píọ́wọ́tà kan ló tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí mo dábàá ni ẹ̀jẹ̀ tí kò dá. Àwọn kan a máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ló ń jáde, kó máa lọ. Orúkọ yìí já wọn ní koro, torí ó ń rán agbẹ̀bí létí pé ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ti dá.

Kí la ó wá pe àwọn obìnrin mẹ̀kúnnù tí à ń bá sọ̀rọ̀? Òtòṣì àti aláìní ń dójú tini, ìtìjú sì lè dá aláboyún dúró sílé. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ tí ètò ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ, ká fi àìní àwọn tó wá gbà á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera tó péye ni èyí tí obìnrin lè sọ fún ọkọ rẹ̀ lóru, tí ọkọ yóò fi dìde wá ọlọ́kadà. Ẹ̀yin tó ń ṣe ìwé àti ètò rédíò fún àwọn ìyá, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sọ́jà àti sílé ìgbẹ̀bí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí àwọn ìyá kò bá lè fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ padà fún yín, ẹ tún un ṣe.